Àgọ́ Tí Ọdẹ́yalé Kàn Sórí Ọkọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn. Ìtàn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lókèèrè, nítorí bí ẹ̀rù bá dé, ẹ ó fẹ́ rí aṣọ ẹnìkejì yín dì mú. Ẹni tí kò bá láyà, kó tètè máa relé nísinsìnyí tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti bá ìkookò jà nídìí àpáta, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi bí ẹ bá rí èyí tó kù láyé nínú wọn. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ohun tí ojú ọ̀gá mi Ọdẹ́yalé rí ní Igbó Gbénimì, gbogbo irun ara mi a máa dìde.

Ọdẹ́yalé ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọdẹ òru ni, kì í ṣe irú àwọn ọdẹ ìsinsìnyí tí wọ́n ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́bàá títì tí wọ́n sì ń fọ́nnu kiri ìlú. Bí ó bá ti jẹun alẹ́ tán, yóò gbé ìbọn kọ́ èjìká, yóò wọ igbó lọ, ó di òwúrọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó tún rí i. Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó yìí, òun nìkan ló sì fẹ́. Obìnrin náà kò ráhùn rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, oorun bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un, díẹ̀díẹ̀ ni níbẹ̀rẹ̀, títí tí kò fi sùn mọ́ rárá. Ìpéǹpéjú rẹ̀ gan sókè, kò ṣeé pa dé. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n fún un ní àsèjẹ, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ojú kò padé. Àwẹ̀ró wá ń gbẹ bí ẹja orí ààrò, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé bí oorun kò bá dé, ikú ni yóò dé. Ọdẹ́yalé fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù bà á ju bí ẹranko kankan ti dẹ́rù bà á rí lọ.

Nígbà náà ni àgbà ọdẹ kan sọ fún un nípa Ìyá Olóorun, olórí Ìlú Adijú, pé ó mọ ibi tí oorun ẹnikẹ́ni bá sá lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló dé ibẹ̀, inú Igbó Gbénimì ló sì gbà kọjá. Ẹ fetí sí ìwà igbó náà dáadáa. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbé ènìyàn mì. Ẹni tó bá ń rìn, kò ní í fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tàbí tó dùbúlẹ̀, ilẹ̀ á yanu, á gbé e mì, á sì padé bí omi. Igi ibẹ̀ kò sàn jù ú lọ: bí ọdẹ bá gùn wọ́n láti sùn, wọn á gbọn ara wọn, wọn á jù ú fún ilẹ̀. Rọ́bà nìkan ni ilẹ̀ náà kì í jẹ, nítorí ó korò lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji bá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, iwin kan ń rìn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́gbọọrọ. Kò ní ojú tirẹ̀, ojú ọlọ́jú ló ń wá kiri. Ojú tó bá padé, kò ní í ṣe nǹkan fún un. Ojú tó bá là, bí ẹ tilẹ̀ fi aṣọ dì í, yóò yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹ̀pà nínú èèpo.

Ojú Àwẹ̀ró kò sì ṣeé pa dé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ọdẹ́yalé ní jíìpù ògbólógbòó kan tó fi ń kó ẹran. Ó jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń ronú. Ilẹ̀ kò ṣeé sùn, igi kò ṣeé sùn, ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ kì í ṣe ilẹ̀, kì í sì í ṣe igi, orí rọ́bà sì ni ọkọ̀ dúró lé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kan àgọ́ sórí ọkọ̀ nìyẹn. Ó to pákó sórí káríà, ó fi ìṣó kàn án pọ̀, ó tẹ́ tìmùtìmù olówùú lé e. Ó tẹ irin bí ọrun, ó fi tapólì bò ó. Ó tú sípì lára àpò ìrìn-àjò àtijọ́ kan, ó rán an mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì kan àkàbà tí wọn yóò máa fi gòkè. Àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín pé Ọdẹ́yalé ti sọ jíìpù di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìbú àgọ́ náà kò ju ara Àwẹ̀ró nìkan lọ, nítorí Ọdẹ́yalé kò ní in lọ́kàn láti sùn níbẹ̀. Ó ní ọdẹ kì í dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù nínú igbó, ìbọn ni ìyàwó ọdẹ lóko.

Nígbà tí wọ́n dé etí igbó, oòrùn ti mú tapólì gbóná, Àwẹ̀ró ń làágùn nínú àgọ́ bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Ọdẹ́yalé bá gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó tò ó bo orí àgọ́ náà, ó fi okùn dè é, ó sì jẹ́ kí ó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yí ká láìkan ilẹ̀. Inú àgọ́ tutù. Inú rẹ̀ dùn, ó yin ara rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà nínú igbó, kò sì rántí pé orí ọkọ̀ ló fi í sí lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ àṣìṣe tó ṣe, ẹ dákẹ́, ẹ má tíì sọ ọ́.

Wọ́n wọ Igbó Gbénimì. Ní ọ̀sán gangan, ẹyẹ dákẹ́, kòkòrò dákẹ́. Ọdẹ́yalé dá ọkọ̀ dúró, ó fa àkàbà sókè, ó ní kí Àwẹ̀ró fa sípì. Òun wọ iwájú ọkọ̀, ó pa ojú dé, ó fi aṣọ dì í kó má bàa là, ó gbé ìbọn lé itan. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ẹní nílẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́wọ́gbọọrọ ló ń bọ̀. Ọwọ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó ti dé kí ẹni tó ni ín tó dé. Ó kan táyà, ó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń tẹ ojú Ọdẹ́yalé lórí aṣọ tó fi dì í, ìka rẹ̀ sì tutù bí ìgbín. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti yìnbọn. Irọ́ ni mo pa, ǹ bá ti sá lọ.

Ohùn kan wá láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí ẹni tó ni ọwọ́ náà wà. Ó pa àlọ́ fún un.

"Kí ló ń mú alágbára láìfi okùn dè é?"

Ọdẹ́yalé mọ̀ pé bí òun kò bá dáhùn, ọwọ́ náà kò ní í kúrò. Ó ní, "Oorun ni."

"O gbà á. Mélòó lẹ wà nínú ọkọ̀?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹni tí oorun mú kì í pa irọ́," ohùn náà wí. "Ojú rẹ padé, mi ò bá ọ ní gbólóhùn asọ̀. Ṣùgbọ́n mò ń gbúròó ojú kan tó là lókè."

Ọwọ́ náà gòkè. Ọdẹ́yalé ń gbọ́ bó ṣe ń fi èékánná ha tapólì, tó ń wá ihò. Ó rí ọ̀kan. Ibi tí ìṣó ti dá pákó lu ni, ihò náà kò sì ju ojú ìka lọ. Ìka náà wọlé. Lókè níbẹ̀, Àwẹ̀ró rí i tó yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ sósì, ó kan irun rẹ̀, ó ń bọ̀ níwájú orí. Ó sún mọ́ ògiri àgọ́ títí ibi tí kò ti sí àyè mọ́. Ìka náà ku díẹ̀ kó kan ìpéǹpéjú rẹ̀ nígbà tí oòrùn yẹ̀ kúrò lágbedeméjì ọ̀run, òjìji igi sì gùn díẹ̀. Ìka fà sẹ́yìn. "Ọ̀la náà ní ọ̀sán gangan," ohùn náà wí.

Ọdẹ́yalé sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Ó yọ́ afárá oyin lórí iná, ó fi dí gbogbo ihò ìṣó. Ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó tú u, ó fi rán inú tapólì ní ìlọ́po méjì kí ìmọ́lẹ̀ má bàa jáde tàbí wọlé. Ó gé rọ́bà inú táyà ògbólógbòó kan tó gbé dání tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó rán an bo ojú sípì. Ó sì rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àwẹ̀ró gbé àkàbà sílẹ̀ láti wá mu omi, ẹsẹ̀ àkàbà kan ilẹ̀, ilẹ̀ sì gbá a mú, ó ń fà á mì bí ejò ti ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì, jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí. Ọdẹ́yalé fi àdá gé ìsàlẹ̀ àkàbà náà sílẹ̀ fún un, ó gé àwọ̀ táyà ògbólógbòó náà, ó kàn án mọ́ ìdí àkàbà tó kù. Láti ọjọ́ náà ni àkàbà Ọdẹ́yalé ti ń wọ bàtà.

Ní ọjọ́ kejì, ọwọ́ náà tún dé. Ó wá ihò, kò rí. Ó wá ojú sípì, rọ́bà ló bá. Ó lu pákó, ó gbọn irin, ó dì mọ́ ọkọ̀ náà ó ń mì í bí ìgbà tí obìnrin ń fẹ́ ìrẹsì. Nínú àgọ́, Àwẹ̀ró ń rọ́jú nínú òkùnkùn biribiri, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán yẹ̀, ohùn náà ní kò burú, ní Ìlú Adijú ni àwọn yóò ti pàdé. Ọdẹ́yalé mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Wọ́n dé Ìlú Adijú ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Àwọn ará ìlú náà kì í lajú nígbà kankan, ìyẹn ni iwin náà kò fi rí wọn bá jà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ nǹkan. Wọ́n jáde wá, wọ́n yí ọkọ̀ ká, wọ́n nawọ́, imọ̀ ọ̀pẹ tó rọ̀ wálẹ̀ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ wọn kàn. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Ẹnìkan dá orin ìsìnkú, àwọn yòókù gbè é, àwọn géńdé sì ti lọ gbé ọkọ́ wá.

Ọdẹ́yalé fi ọwọ́ lu orí. Ọmọ Yorùbá ni, ó mọ̀ pé ọkọ̀ tí wọ́n bá fi màrìwò sí lára, òkú ló gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa imọ̀ ọ̀pẹ já, ó ń sọ fún wọn pé ooru ló mú òun ṣe é, ìyàwó òun wà láàyè. Wọn kò dá orin dúró. Àfìgbà tí arúgbó obìnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn dé ni wọ́n tó dákẹ́. Ìyá Olóorun nìyẹn. Ó gun àkàbà oníbàtà náà bí ọmọdé, ó na ọwọ́ wọ inú àgọ́, ó fọwọ́ pa ojú Àwẹ̀ró, ó sì sọ̀kalẹ̀.

"Alààyè ń sùn, ó ń jí," ó wí. "Òkú ń sùn, kì í jí. Èyí tí o gbé wá kì í sùn rárá. Ọ̀nà wo ni kí n gbé e gbà?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, oorun rẹ̀ ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín."

"Oorun rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi. Ó mọ ibi tó fi sí, ṣé o ti bi í léèrè rí? Tẹ́tí o, ọdẹ. Ọkọ̀ màrìwò kì í wọ ìlú yìí kó tún gbé ẹrù rẹ̀ padà. Bí ọ̀sán gangan bá bá a tó ń sùn, alààyè ni, ẹ máa lọ. Bí ó bá bá a tí ojú rẹ̀ là, Ọlọ́wọ́gbọọrọ á mú tirẹ̀, a ó sì sin ìyókù."

Àwọn géńdé ti ń gbẹ́ ilẹ̀ nítòsí táyà ẹ̀yìn. Ilẹ̀ náà kò fún wọn ní wàhálà, ó ń la ara rẹ̀ fún wọn.

Ọdẹ́yalé gòkè lọ bá ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà tí oorun ti lọ, gbogbo ènìyàn ló ti bi léèrè ohun tó lè ṣe é, kò bi Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ rí. Ó bi í báyìí. Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

"Baálé mi, bí ẹ bá ti wọ igbó lálẹ́, etí mi ni mo máa ń fi tẹ̀ lé yín. Bí mi ò bá gbọ́ ìró ìbọn, mo máa ń rò pé ẹran ti pa yín. Bí mo bá sì gbọ́ ọ, mo máa ń rò pé ẹlòmíràn ló yìn ín, tó ṣì yín mú fún ẹran. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó yá, ẹ wà nílé o, ẹ ò sí nílé o, etí mi kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Nínú igbó yìí náà, ẹ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, mo wà lókè, mò ń tẹ́tí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́yalé wọ eegun. Ó wo àgọ́ tó kàn pẹ̀lú ọgbọ́n rẹ̀ gbogbo, tí kò sí àyè fún òun níbẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tú pákó ibi tó ń kó ẹran sí lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé e gòkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ àgọ́ náà lójú. Ó fi rọ́bà táyà de pákó tuntun mọ́ pákó àtijọ́, ó na jáde kọjá ẹ̀yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe fi ìkúnlẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó dẹ̀ wálẹ̀. Ó nílò òpó tí yóò gbé e dúró láti orí bọ́ńpà. Kò sí igi tó ṣeé gé ní ilẹ̀ náà, irin àgọ́ sì tín-ínrín jù. Oòrùn ń gòkè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ìbọn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ọ̀rọ̀ náà kò lè yé yín. Ìbọn bàbá rẹ̀ ni. Kò fi í sílẹ̀ rí nínú igbó, kódà bó bá fẹ́ tọ̀. Ó yọ ẹ̀tù inú rẹ̀, ó fi ìdí ìbọn ti bọ́ńpà, ó fi ẹnu rẹ̀ gbé pákó, ó fi rọ́bà dè é pinpin. Pákó náà kò mì mọ́. Tapólì ló wá kù díẹ̀ kó tó, àyè kan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gba odidi ọwọ́. Ọdẹ́yalé gòkè, ó dùbúlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀, ó sì fi orí ara rẹ̀ dí àyè náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan tìmùtìmù nínú igbó. Ó ní kí Àwẹ̀ró gbé orí lé apá òun, ó sì pa ojú dé.

Ẹyẹ dákẹ́. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ dákẹ́. Ìró ẹní tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń bọ̀.

Ọwọ́ náà kò wá ihò kiri lọ́tẹ̀ yìí. Ààrin àyè tó ṣí sílẹ̀ ló wọ̀, ó sì bá ojú Ọdẹ́yalé níbẹ̀. Ó fi ìka pa ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún, ó fi ìka pa tòsì, ó ń tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rù bà á dé ibi pé ẹnu rẹ̀ korò. Ọwọ́ Ọdẹ́yalé ń wá ìbọn fúnra rẹ̀, ìbọn sì wà lábẹ́ ibi tó sùn sí, òun ló gbé e dúró. Ọwọ́ iwin gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ń lọ sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró. Ọdẹ́yalé fẹ́ lajú wò bóyá ojú ìyàwó òun padé, bó bá sì lajú, àwọn méjèèjì ló lọ. Ó ní láti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láìmọ̀. Ó ń mí, ó ń mí, ó ń gbìyànjú kí èémí rẹ̀ má gbọ̀n, nítorí ó mọ̀ pé ẹnìkan lè máa tẹ́tí sí i. Ọwọ́ náà dúró. Ojú Àwẹ̀ró ló dúró lé, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró hanrun.

Ọwọ́ náà fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó gba orí Ọdẹ́yalé kọjá padà, ó jáde. Nísàlẹ̀, ẹnìkan ju ọkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Ọdẹ́yalé gbójúgbóyà lajú, ìpéǹpéjú ìyàwó rẹ̀ ti wá sílẹ̀, itọ́ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ sórí apá ọkọ rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó sunkún, kò sì fi í pamọ́.

Ìyá Olóorun ní kí ó máa lọ, kí ó má jí i. Ọdẹ́yalé rántí pé igbó tí àwọn tún fẹ́ kọjá kò yí ìwà padà, ó sì na ọwọ́ sí ìbọn rẹ̀ láti tú u. Pákó dún. Àwẹ̀ró yí ara padà, ojú rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ jí. Ó fi ìbọn sílẹ̀ síbẹ̀. Láìní ìbọn lọ́wọ́ ló fi wa ọkọ̀ náà la Igbó Gbénimì kọjá, ní ọ̀sán gangan yóò sì gòkè lọ dùbúlẹ̀ ti ìyàwó rẹ̀, yóò fi orí dí àyè yẹn. Wọ́n dé ilé, Àwẹ̀ró kò tíì jí.

Èmi fúnra mi rí i. Ọdẹ́yalé kò sọ àgọ́ náà kalẹ̀ títí di òní, inú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń sùn nínú àgbàlá wọn, ìbọn náà sì ti dípẹtà lábẹ́ pákó. Nígbà tí ìbọn mi bàjẹ́ tí ọdún ọdẹ ń bọ̀, mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yá mi ní ti bàbá rẹ̀, kó wulẹ̀ fi igi kan rọ́pò rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Ọ̀gá mi yọ orí jáde láti inú àgọ́, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Rọra máa sọ̀rọ̀," ó wí fún mi. "Àwẹ̀ró ń sùn."